Ègbè Orin Ìyá Bàbá Mi

Ìyá bàbá mi kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá bá wọn ní Ẹdẹ, mo ní mo gbọ́dọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n dìde, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

“Ilẹ̀ ti ṣú wàyí, ọkọ mi. Jókòó.”

Wọ́n dá orin inú àlọ́, wọ́n sì dúró kí n gbè é bí mo ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Mo mọ ègbè náà dáadáa. Ojú ló ń tì mí kí àwọn olùkọ́ mi má lọ gbọ́ ohùn mi, ni mo bá panu mọ́.

“Àbí ìwé ti gba orin lẹ́nu ẹ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo nawọ́ sí ẹ̀rọ. Wọ́n bá tún orin dá, wọ́n sọ ohùn wọn di ti ọmọdé, wọ́n gbè é fúnra wọn, títí àlọ́ fi parí.

Nínú ìwé tí mo fi gboyè, mo kọ ọ́ pé bí wọ́n ṣe ń pàlọ́ ní Ẹdẹ nìyẹn: apàlọ́ ní í dá orin, òun náà ní í gbè é. Àwọn olùkọ́ yìn mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń dà á kọ títí dòní. Mo ti darúgbó, n kò sì tíì sọ fún ẹnì kan pé ẹni tó yẹ kó gbè é wà níbẹ̀, ó panu mọ́.