Akínlẹ́yẹ, Ẹni Tí Ìwé Ọdún Méjì Sọ Di Ẹrú

Wọ́n sin Akínlẹ́yẹ, ọmọ Ìjan-Èkìtì, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ẹ̀yìn ọgbà itẹ́ òkú ìjọ wa ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ sí, kì í ṣe inú rẹ̀. Agogo kò dún. Èèyàn méje péré ló tẹ̀lé òkú náà, mo sì ka ara mi mọ́ wọn.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ òkú? Àwọn àgbà ìjọ ní ó lo ọdún méje lókè òkun, kò sì mú ìwé ẹ̀rí bọ̀ láti ìjọ tó ń lọ lọ́hùn-ún. Wọ́n tún ní àwọn gbọ́ pé ó fẹ́ obìnrin mìíràn níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí! Ta ni ì bá kọ ọ́ fún un, ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run? Ṣé ẹni tó ń fi kòbókò nà án ni?

Mo mọ Akínlẹ́yẹ. Òun ló mọ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́dún 1924, ògiri náà kò sì tíì sán di òní. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, orin ìjọ ni yóò máa kọ, yóò sì máa ṣi gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Bí mo bá tún un ṣe fún un, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Tíṣà, Ọlọ́run gbọ́ èyí tí mo kọ yẹn náà." Ó ti mọ ilé tirẹ̀ dé ibi òrùlé fún ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀bùnọlá. Páànù ló kù.

Páànù yìí ló ń wá nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé dé lọ́dún 1927, pẹ̀lú akoto lórí àti ìwé lábẹ́ apá. Ó ti kéde ní Ọjà Ọba l'Ádó, ó ti dé Ìgèdè, ó wá kan Ìjan. Ọkùnrin méjìlá ló ń wá, tí yóò ṣiṣẹ́ oko kòkó ní erékùṣù kan tó wà lábẹ́ òyìnbó ìlú mìíràn. Ọdún méjì péré. Ọkọ̀ yóò gbé wọn lọ, ọkọ̀ yóò sì gbé wọn bọ̀.

Àwọn bàbá wa kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n ní ìwọ̀fà, wọ́n sì ní ẹrú, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀kan pe èkejì. Ìwọ̀fà ń sùn nílé ara rẹ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí, á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, á di oko tirẹ̀. Bí ẹni tó ń sìn bá fìyà jẹ ẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ á dé. Ẹrú ni kò ní ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Akínlẹ́yẹ rò pé ìwọ̀fà òyìnbó lòun ń lọ ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó bá pàdé. Lórí ẹní ló ti sọ ọ́ fún mi, nígbà tí egbò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé eegun.

"Tíṣà, lọ́dún kìn-ín-ní, lébìrà ni wá. Àwa la ń ti ilẹ̀kùn wa fúnra wa. Bó bá di Sunday, a ń lọ sọ́jà létí òkun. Nígbà tí ọdún méjì pé, wọ́n ní ká tún tẹ ìka ká tó lè wọ ọkọ̀ bọ̀ wálé. A tẹ̀ ẹ́. Ìwé ọkọ̀ kọ́ o! Ìwé ọdún mẹ́rin mìíràn ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá mọ́lé láti ìta. Wọ́n gé páànù pélébé, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n so ó mọ́ wa lọ́rùn. Bámgbóyè ará Ìgèdè ní òun kì í ṣe ewúrẹ́. Wọ́n nà án. Lọ́jọ́ kẹta ó kú, àwa la gbẹ́ ilẹ̀."

"Nígbà tí ọdún mẹ́rin náà wá pé ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. "Ta ló tún ń ka ọdún, Tíṣà?"

Nígbà tí kò lè dìde mọ́, wọ́n sọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n já a sílẹ̀ ní èbúté Èkó. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ lómìnira nìyẹn. Awakọ̀ kan ará Ìgèdè ló ṣàánú rẹ̀ gbé e wálé. Oṣù mẹ́rin ló lò láàárín wa.

Ta ló bèèrè rẹ̀ ní gbogbo ọdún méje yẹn? Ẹ̀bùnọlá nìkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bá Ayọ̀kúnlé. Nígbà kẹta ọkùnrin náà sọ fún un pé, "Lọ jókòó sílé jẹ́ẹ́. Ọkọ rẹ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, kò fẹ́ padà." Irọ́ tó fi lé obìnrin yìí lọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni ìjọ wá gbé ka orí òkú! Ẹ̀bùnọlá tún fẹsẹ̀ rìn láti Ìjan dé ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ l'Ádó. Akọ̀wé ní ìlú òyìnbó mìíràn ni, kò kan ìjọba. Ṣé èbúté òyìnbó mìíràn ni ọkọ̀ náà ti gbé wọn ni?

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ẹ̀bùnọlá dojú kọ bàbá Adébíyìí, olórí àwọn àgbà ìjọ.

"Baba, ulé mi ló bọ̀ wá kú sí. Bó bá ní obìnrin mìíràn, kí ló dé tí kò kú sọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Ẹ̀bùnọlá, òfin ìjọ ni."

"Òfin náà kò mọ Ayọ̀kúnlé ni?"

Ayọ̀kúnlé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sunday tó tẹ̀lé e, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

N kò gbọdọ̀ dá ara mi sí. Èmi ni mo ka ìwé náà fún àwọn méjìlá. Ewé méjì ni. Ọ̀kan ni Ayọ̀kúnlé fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Èkejì ńkọ́?" Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni, Tíṣà, má da ara rẹ láàmú." N kò da ara mi láàmú. Kí Akínlẹ́yẹ tó ti ìka bọ tàdáwà, ojú mi ló wò. Mo mi orí sí i pé kó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́jọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí. N ó sọ ohun tí mo kà, n ó sì sọ èyí tí n kò kà. Lẹ́yìn mi, kí wọ́n pe Ayọ̀kúnlé, kó mú ewé kejì jáde, kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbangba Ọjà Ọba. Kí àwọn àgbà ìjọ dìde níwájú pẹpẹ, kí wọ́n jẹ́wọ́ pé irọ́ ni wọ́n fi dá òkú lẹ́bi. Kí Ajẹ́lẹ̀ má sì tún sọ fún wa pé kò kan ìjọba, nítorí lóṣù tó kọjá Ayọ̀kúnlé tún dé sí Ìjan. Ogún ọkùnrin ló ń wá báyìí. Ọdún méjì péré, ó ní.

Àwọn méjìlá àkọ́kọ́ ńkọ́? Méjì ti kú. Ọkùnrin mẹ́wàá ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, a mọ orúkọ wọn, a mọ ilé bàbá wọn. Ta ni yóò lọ mú wọn wálé, ọjọ́ wo sì ni?