Kọ́kọ́rọ́ Inú Abọ́ Màmá

Òórùn sípíríìtì tí nọ́ọ̀sì fi nu apá mi láàárọ̀ yìí ló gbé mi padà sí ìsọ̀ ògógóró Màmá lẹ́bàá ojú irin Òṣòdì. Mo dúpẹ́ pé òun ló bí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dírẹ́bà lọ́rì kan dé láti Ìsọlọ̀, òógùn bò ó. Màmá na abọ́ tánganran sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín ná."

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ife kékeré kan péré mà ni!"

"Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sùn jí, ẹ ó gbà á."

Ó kùn, ó sọ ọ́ síbẹ̀, ó mu, ó sùn sórí bẹ́ǹṣì. Èmi ń mi abọ́, kọ́kọ́rọ́ ń dún woroworo; mo ṣe bí ohun ìṣeré mi ni. Mi ò tíì mọ̀ pé dírẹ́bà tó mutí yó ló pa bàbá mi.

Nígbà tó jí, Màmá bu omi tútù fún un bọ́jú, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ."