Ọkọ̀ Gbígbẹ Tí Elisha Yàn

Àwọn ológun gbàjọba, wọ́n sì ní kí Elisha Ọlọ́runnísọ̀lá máa lọ sílé. Iṣẹ́ kòkó yíyẹ̀wò ló ń ṣe fún ìjọba ní Òrè láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un, torí kò ní.

Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Bó bá jókòó, á dìde. Á rìn dé oríta, á tún padà. Alùpùpù rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí epo. Nílé epo, kòbókò ni àwọn ṣọ́jà fi ń to èèyàn. Ló bá pinnu pé òun yóò fi alùpùpù náà pààrọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ní Igbókòdá, kí òun máa fi kó gàrí ìyàwó òun lọ tà létí òkun. A kì í tò láti gba afẹ́fẹ́.

Agnes, ìyàwó rẹ̀, wò ó. "Ṣé odò tí ẹ̀ ń gba orí afárá kọjá ní Ajué lẹ ti kọ́ ọkọ̀ wíwà?"

"Igi ni wọ́n fi ṣe é. Mo mọ igi."

Wọ́n kó gàrí àti alùpùpù sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Igbókòdá. Zachariah, ọmọ Ìlàjẹ tó ń ta ọkọ̀, fi méjì hàn wọ́n. Ọ̀kan wà nínú odò, ó dúdú, ewédò bò ó, omi sì wà nínú rẹ̀. Èkejì wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n kùn ún ní pupa, ìgbòkun tuntun sì wà nínú rẹ̀.

Elisha kọjá sí èyí tó pupa. Ó kàn án, ó dún kó kó kó. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí kòkó: èyí tó tutù, á dá a padà; èyí tó gbẹ, á lù ú ní òǹtẹ̀.

"Èyí gbẹ."

"Ó gbẹ dáadáa," Zachariah dáhùn. "Ó ti pẹ́ tó ti kúrò lómi."

"Ìyẹn ńkọ́? Omi ti kún inú ẹ̀."

"Èmi ni mo bu omi sí i kí igi ẹ̀ má baà là. Àná ni mo fi ti etíkun dé. Ẹ̀yin ará oko kòkó, ẹ ò fẹ́ kí nǹkan kan tutù."

Elisha rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Kò sí ẹni tó gbé kòkó tútù wá bá a rí tí kò ní àlàyé.

Zachariah ti alùpùpù lọ. Wọ́n ti ọkọ̀ pupa sómi, wọ́n di gàrí sí i. Kò pẹ́ rárá, omi ń yọ láàárín pákó kan sí èkejì. Ìdí àpò àkọ́kọ́ ti rin kí Agnes tó fà á jáde.

"Ẹ rì í sómi," Zachariah ní. "Bí igi ẹ̀ bá mumi yó, á wú, ojú ẹ̀ á pàdé."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Igi ló mọ̀."

Ọjọ́ kejì ni ọjà etíkun. Zachariah gbọ́n omi inú ọkọ̀ eléwédò dànù, ó gbé gàrí sí i. Agnes wọ inú rẹ̀, ó jókòó.

"Èmi ńkọ́?" Elisha bi í.

"Ẹ dúró tì í, bàbá Ọpẹ́yẹmí," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. " Bó bá wú tán, kí ẹ máa bọ̀."

Afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ. Elisha mú igbá, ó ń bu omi sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó jáde, ó rìn lọ rìn bọ̀ létí odò, ó padà, ó fọwọ́ kan pákó wò bóyá ó ti wú. Ó tún jáde.