Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Òórùn èédú inú áyọ́ọ̀nù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá wa, tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ ń pè ní Ìyá Ìbejì, ti ń lọ aṣọ èmi àti Táyé, aṣọ kan náà, kọ́là kan náà, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ìgbà náà, tí owó epo rọ̀bì ń dà wọlé, tí ìjọba sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ nígbà ọlidé. Wọ́n ní a ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń táìpù. Mo ti ń fi ìka tẹ tábìlì nílé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sóhun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ju táìpù yẹn lọ.

Òfin kan ló wà: ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwa méjèèjì ti pé e. Ṣebí ọjọ́ kan náà la délé ayé.

Àṣé wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n mú wa lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ọjọ́ orí láyé ọjọ́un: ọmọ á gbé apá gba àárín orí, á fi ọwọ́ kan etí òdìkejì. Ti Táyé kàn án. Tèmi ò kàn án, torí orí mi tóbi, apá mi sì kúrú. Tíṣà ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà lọ, tí ọwọ́ mi wá kan etí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, bó ṣe kọ ti Táyé lọ́dún tó ṣáájú.

Akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òṣòdì wo ìwé tí iléèwé fún wa, ó wo ojú wa, ó tún wo aṣọ wa. Ó ní Táyé lè wọlé, èmi ò tíì tó.

"Ọ̀gá, ìbejì ni wọ́n o!" ni ìyá wa pariwo. "Ṣé odidi ọdún kan ni mo fi rọbí ni?"

"Mo rí i pé ìbejì ni wọ́n, mà. Ṣùgbọ́n ohun tí iléèwé kọ ni ìjọba mọ̀. Ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n nílé, kí n ṣe sùúrù fún àbúrò mi. Inú bí mi débi pé ẹkún gbẹ lójú mi. Ìyá wa mú wa rìn dé ibùdókọ̀ ní Bọ́ládé. Ibẹ̀ ló ti ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," bó ṣe máa ń wí nígbà tí ọ̀rọ̀ ìjọba bá ti sú u.

Ní gbogbo ọlidé yẹn, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà, tí mò ń tú òwú. Táyé á dé nírọ̀lẹ́, á ní ìka ń dun òun torí táìpù. Á ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Ìwé iléèwé yẹn náà ni mo fi wọṣẹ́ ìjọba nígbà tí mo dàgbà. Gbogbo ìgbà tí mo ní kí wọ́n bá mi tún un ṣe, wọ́n á ní kí n lọ kí n bọ̀. Táyé ti fẹ̀yìntì báyìí, ó ń sùn nílé rẹ̀ ní Ire-Akari. Èmi ṣì ń dúró de mọ́tò ní Bọ́ládé ní ìdájí, torí wọ́n ní n kò tíì tó. Láàárọ̀ àná, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò mi, o ti jáde?" Mo pa fóònù. Lójú gbogbo èrò, mo gbé apá gba àárín orí. Ọwọ́ mi kan etí, ó tún dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí tíṣà níbẹ̀ tó máa rí i.