Ìdánwò Lárúbáwá tí Sírájúdéènì Ṣe

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Sírájúdéènì.

Ọdún 1949 ni mò ń sọ. Tíṣà ni, ní Ọ̀tà níbí, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Èmi, káfíńtà ni mí. Yàrá rẹ̀ àti tèmi fara kan ara wọn, ògiri amọ̀ kan ló wà láàrin wa. A jọ ṣe kéú lọ́dọ̀ Àfáà Láwàlì nígbà tí a wà ní kékeré. Èmi kò lọ jìnnà. Òun lọ jìnnà, ó tún lọ sí ilé-ìwé òyìnbó, ó sì ṣe ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ìjọba ní ní Èkó nígbà náà. Wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ó ní kí n kan férémù sí i. Igi ìrókò ni mo fi kàn án.

Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn máa tún ètò ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe. Wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn wa, ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá gbé e dé ìlú mìíràn, ìwé lásán ni. Wọ́n dá tuntun sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Oyè tí wọ́n á máa gbà níbẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀nù ni, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn òyìnbó ń gbà nílé wọn. Ọ̀rọ̀ dídùn pọ̀ nínú ìwé ìròyìn nípa rẹ̀. Sírájúdéènì ń kà á fún mi. Mo ní kó sọ ọ́ kúkúrú.

Ó ní, "Èyí tó wà nínú férémù yẹn ti kú."

"Ta ló pa á?"

"Kò sẹ́ni tó pa á. Wọ́n kàn ní ó kéré."

Ọ̀nà kan ló kù fún un. Bó bá yege nínú ìdánwò Lọ́ńdọ̀nù, ó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà, kó tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò lọ ibì kankan rí. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni ìdánwò náà. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tíṣà yòókù mú Látìnì, pásítọ̀ kan ló ń kọ́ wọn. Sírájúdéènì mú Lárúbáwá.

Àjàlá, tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Tíṣà Kéú! O fẹ́ lọ ké kéú fún òyìnbó?"

"Àwọn ló ní ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó mú un wá."

"Ó dáa o. Má gbàgbé wàláà rẹ nílé o."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tíṣà kò ti pè é mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ kàwé. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí náà kò pè é. Lójú tiwọn, ó ti di òyìnbó. Òun nìkan ló ń kàwé.

Ràfátù ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọdún kan. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ara ògiri.

"Tíṣà, ẹ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná."

"Mò ń ka nǹkan ni, Ràfátù."

"Ṣé kí n di ìwé ni kí ẹ tó wò mí?"

Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Adó-Odò. Kò bá a jà. Ó ní bó bá yege, kó wá mú òun, kí àwọn jọ lọ sí Ìbàdàn. Bí kò bá yege, kó wá mú òun náà, ṣùgbọ́n kó fi ìwé sílẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Mo kan tábìlì kékeré kan fún un. Ibi tí Ràfátù ń gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sí ló gbé e sí.

Oṣù kẹfà ni ìdánwò. Ó rìn dé Sàǹgó ní ìdájí, ó wọ lọ́rì lọ sí Èkó. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Mò ń fá pákó níwájú ilé nígbà tó dé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹ̀rín náà láti ìgbà tí Ràfátù ti lọ.

"Báwo ni?"

"Ìṣirò rọrùn. Gẹ̀ẹ́sì dáa. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá! Kí n tó kà á tán ni mo ti ń kọ ọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde."

Lẹ́yìn ìrun Alááṣárì, a lọ kí Àfáà Láwàlì. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn mélòó kan jókòó tì í.

"Sírájù, wọ́n ní òyìnbó dán ọ wò ní kéú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àfáà."

"Ṣé ó ṣe àlùwàlá?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

"Kí ló bi ọ́?"

"Wọ́n kọ ìtàn kan sílẹ̀, wọ́n ní ká yí i sí Gẹ̀ẹ́sì."

"Gbé e wá."

Sírájúdéènì gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àwọn arìnrìn-àjò kan dé, wọ́n rán ẹni tó ń pọn omi fún wọn lọ sí ìdí kànga. Ibẹ̀ ló dúró kó mí.

Ní ilé kéú wa, bí Àfáà bá gbé ìdajì, ìwọ lo máa parí rẹ̀. O kò gbọ́dọ̀ dúró ronú. Àtòrì ni ti ẹni tó bá dúró. Bí Sírájúdéènì ṣe dákẹ́, gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí kan èmi tí mi ò lọ jìnnà: ọmọ tó wà nínú kànga, bí wọ́n ṣe fà á jáde, bí wọ́n ṣe tà á. Inú ìwé mímọ́ wa ló wà; ọmọ kéú wo ni kò mọ̀ ọ́n?

Àfáà ní, "Ohun tí o kọ nìyẹn?"

"Ohun tí mo kọ nìyẹn, Àfáà, títí dé òpin."

"Èyí tí àwọn òyìnbó kọ ńkọ́?"

Sírájúdéènì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tí ìwé náà wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀," ó ní.

"Níbo?"

"Nínú tiwọn. Kànga náà gbẹ. Ìyá arúgbó kan ló ní omi nínú ìkòkò, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò sí ọmọ kankan nínú kànga náà."

Àfáà ní, "Èmi ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Rárá o, Àfáà. Ẹ kọ́ mi dáadáa."

A dìde, a sì padà sílé.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni lẹ́tà fi pẹ́. Ó mọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ya pósófíìsì bó bá ti ilé-ìwé dé. Ràfátù ránṣẹ́ láti Adó-Odò lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé lẹ́tà ti dé. Ó ní kò tíì dé. Òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ kan ló dé. Ó yege nínú mẹ́rin. Lárúbáwá ló gbé e ṣubú. Àjàlá yege nínú gbogbo tirẹ̀, ó wá kí i. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Sírájù, o mọ ìṣirò jù mí lọ."

"Mo mọ̀," ni Sírájúdéènì wí.

Nígbà tí Àjàlá lọ, mo ní, "Lọ sí Adó-Odò lọ́la. Obìnrin yẹn ní kí o wá. Ìwé nìkan ló ní kí o fi sílẹ̀."

Ó wo tábìlì. "Òmíràn wà lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti mọ ibi tí mo ti ṣìnà."

"Ràfátù ńkọ́?"

Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà kan. Mo rò pé Ràfátù ló ń kọ ọ́ sí. Nígbà tó ní kí n bá òun fi sí póòsì láàárọ̀, mo ní kó ka àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi. Lọ́ńdọ̀nù ni.

Mo ní kó wá bá wa jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Kò tíì jẹun. Láti ara ògiri ni mo ti gbọ́ tó bu omi sínú abọ́, tí ṣíbí ń kan ìdí rẹ̀. Gàrí ló mu, kò sí ẹja, kò sí ẹ̀pà.