Àgùntàn Tí Ìyá Mùyìbátù Gbà Sìn

Ọdún kọkànlélógún nìyí tí mo ti ń ṣe wolé-wolé ní Ṣakí, mo sì ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́sìn títí ó fi sú mi. Bí ẹnìkan bá ní, "Wàláì, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín," ṣe ni mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Mùyìbátù ni kò jẹ́ kí n lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwáwù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Opó ni, ó ń gbin ẹ̀gúsí lẹ́yìn ìlú, kò sì ga ju èjìká mi lọ. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń gba ẹran sìn. Wọ́n á gbé abo ẹran fún un. Bó bá bímọ, ọmọ àkọ́kọ́ á jẹ́ ti ẹni tó ni ẹran, èkejì á sì jẹ́ tirẹ̀. Wọn kì í kọ àgbàsìn sínú ìwé kankan níbí.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn aláṣẹ ṣòfin pé ẹran kò gbọdọ̀ jẹ̀ kiri nígboro mọ́. Èyí tí a bá mú, ọgbà ẹran lẹ́yìn ìlú là ń kó o lọ. Ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ka sí ìwé pé tòun ni. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí kò wá, wọ́n á ta ẹran náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a mú abo àgùntàn kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìgbòho. Kí oòrùn tó mú, Ìyá Mùyìbátù ti fẹsẹ̀ rìn dé ọgbà. Ó fi ọ̀já pọn ọmọ àgùntàn bí ẹni pọn ọmọ ènìyàn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó ń ké, ìyá rẹ̀ sì ń dá a lóhùn láti inú ọgbà.

Mo na ìwé sí i. "Ìyá, ẹ tẹ̀ka síbí, kẹ́ ẹ máa mú un lọ."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Pé ẹ̀yin lẹ ni àgùntàn yìí."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Èmi kọ́ ni mo ni ín. Àyọ̀ká ọ̀rẹ́ mi ló ni ín, mo gbà á sìn ni. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí ni tèmi, òun lọmọ kejì."

"Ìwé yìí ò mọ àgbàsìn o."

Àyọ̀ká ti lọ ra ẹ̀wà ní Ìgbẹ́tì, fóònù rẹ̀ ò sì lọ. Inú bí mi. Mo yọ bírò, mo ní kó jẹ́ kí n bá a kọ ọ́, pé kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó mi orí.

"Ṣé ọmọ yìí lè wọlé lọ mu ọmú?"

"Ohun tó bá wọlé ò ní jáde láìsí ìwé. Bí wọ́n bá ta ìyá, wọ́n á ta ọmọ mọ́ ọn."

Ó tú ọ̀já, ó gbé ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì tì í wọ inú ọgbà. Ọmọ náà sáré lọ sábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, irú èyí tó máa ń bà mí bí mo bá wọ mọ́ṣáláṣí tó kún fọ́fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń ru èèpo iṣu wá fún wọn. Kò bẹ̀ mí, kò bú mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, èmi gan-an ni mi ò lè jẹun mọ́.

Ọjọ́ kẹfà ni Àyọ̀ká dé tòun ti eruku ọ̀nà lára, ó tẹ̀ka, ó sì kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Mùyìbá, ìwọ náà! O ò bá ti tẹ̀ka jàre. Ta ni ì bá mọ̀?"

Ìyá Mùyìbátù ń so okùn mọ́ àgùntàn náà lọ́rùn, bí òfin ṣe wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Èmi mọ̀."

Wọ́n fa àgùntàn jáde, ọmọ rẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Mo di ilẹ̀kùn ọgbà mú fún wọn títí wọ́n fi kọjá.