Iyọ̀ Tí Mo Dà Sẹ́nu Ọ̀nà Ìjọ

Àwọn tó máa ń sọ pé yìnyín rẹwà, wọn ò tíì gbọ́ bí egungun ṣe ń dún lórí rẹ̀ ni. Èmi ti gbọ́ ọ. Ní Peckham níbí, nílùú òyìnbó, ní àgbàlá ìjọ aláṣọ funfun wa tó wà lábẹ́ afárá rélùwéè, màmá àgbàlagbà kan yọ̀ ṣubú láàárọ̀ Àìkú kan. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá, ó dún bí igi ìdáná tó gbẹ. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ nínú sùtánà rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Èmi ni mo ń bójú tó àgbàlá yẹn. Gbogbo ojú ìjọ ló yí sí mi lọ́jọ́ náà, inú sì bí mi débi pé mo fi ẹsẹ̀ gbá géètì irin wa títí ó fi tẹ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Bí inú bá bí mi, àfi kí n rí nǹkan fọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ọwọ́ mi yá ju ẹnu mi lọ, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó tẹ̀ lé mi, ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ń gbé ní Sydenham, lórí òkè níbi tí òtútù ti máa ń kọ́kọ́ mú, iṣẹ́ bíríkìlà ló sì ń ṣe, ó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jù mí lọ. Ó ní kí n máa tètè wá fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò kó tó dì, kí n da iyanrìn sí i kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú, kí n wá fi iyọ̀ òkúta díẹ̀ lé e, irú èyí tó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, máa ń kó sínú àpótí ní ìkóríta. Ó ní ìyẹn ti tó. Èmi ní kò tó. Iyọ̀ òkúta kì í lè ṣe nǹkan kan mọ́ bí òtútù bá ti mú jù, nǹkan tó máa pa yìnyín náà ni mo sì ń wá. Ọ̀rọ̀ tí mo lò gan-an nìyẹn. Mo ní mo fẹ́ pa á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ lọ́nà Surrey Quays. Òyìnbó arúgbó tó ń tajà níbẹ̀ ní sùúrù, ó kó oríṣi mẹ́ta síwájú mi. Ó ní èyí àkọ́kọ́ ni iyọ̀ òkúta, ó máa ń falẹ̀, ó sì máa ń jẹ sìmẹ́ńtì. Èkejì kò le lára, àwọn tó ní ẹran ọ̀sìn nínú ilé ló ń rà á. Ẹ̀kẹta jẹ́ hóró funfun roboto nínú garawa, kálísíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní bí omi bá ti kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbóná, á lu yìnyín jálẹ̀ títí á fi kan ilẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára ẹ̀kẹta yìí mọ́. Ó wá bi mí bóyá ajá máa ń rìn níbi tí mo fẹ́ dà á sí, torí pé ó máa ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé àdúrà ni, ajá kì í débẹ̀. Ó ní ó dáa nígbà náà, ó sì gbé garawa náà fún mi.

Kò béèrè nípa èèyàn. Ta ni yóò béèrè nílùú òyìnbó bóyá èèyàn ń rìn lórí yìnyín láìwọ bàtà? Ṣùgbọ́n àwa tí à ń wọ sùtánà kì í wọ bàtà sí i. Láti ẹnu géètì la ti ń bọ́ ọ, òjò ni o, òtútù ni o. Èmi náà ti ń bọ́ ọ níbẹ̀ fún ohun tó lé lógún ọdún. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, síbẹ̀ mo dúró níwájú òyìnbó yẹn, mi ò rántí. Ọwọ́ màmá tó dá ló wà lójú mi, àti bí mo ṣe máa gbẹ̀san lára ilẹ̀. Ìbínú kò da nǹkan fúnni, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, èmi ni mi ò gbọ́.

Ó yẹ kí n sọ nípa ìyá wa. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn tipẹ́, ó sì ti pa ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, wọn ò ní mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, kódà nínú ilé, torí pé egbò kékeré lè gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Àmọ́ ọjọ́ Àìkú, ti Olúwa ni. Ẹnu ọ̀nà ìjọ ni ipò wọn, níta gbangba, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí tí wọ́n á máa gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó ń wọlé.

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ dì gbagidi. Mo ṣáájú gbogbo èèyàn débẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, mo ṣí garawa. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó ibi tó fẹ̀ bí ẹní. Mo da gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń dà á ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàà, tí yìnyín ń là, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń wo ikú ọ̀tá rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo dà á sí jù. Lẹ́yìn náà, mo wọlé lọ tan hítà, inú ilé ni mo sì ti bọ́ bàtà tèmi.

Àwọn tó ń wọlé ń fò sókè. Mo rò pé òtútù ni. Arábìnrin kan ní nǹkan ń ta òun lẹ́sẹ̀, mo ní kó fara dà á, ọ̀nà ìgbàlà kì í rọrùn. Mo tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá wa nìkan ni kò fò. Wọ́n dúró sórí hóró náà, omi yìnyín ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń súre fún wa. A kọ orin mẹ́rin tán, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Àbúrò mi ló rí i. Nígbà tí ìyá wa wọlé wá kúnlẹ̀, ẹ̀yìn wọn ló wà, ó sì rí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ó ti funfun bí ẹja tí wọ́n bọ̀, awọ ti ṣí, hóró mélòó kan ti wọnú ẹran. Kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí, ó fa ọrùn sùtánà mi, ó sì wọ́ mi jáde.

Ó bi mí ohun tí mo dà sílẹ̀. Mo ní kó yọwọ́ lọ́rùn mi. Ó rí garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"O dẹ̀ mọ̀ pé Mummy ò lè feel ẹsẹ̀ wọn," ó ní. "Ìwọ. O ti se ẹsẹ̀ Mummy bí ẹran."

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò tíì pè mí ní ìwọ rí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ìyá mi ló yẹ kí n gbọ́. Ìwọ yẹn ni mo gbọ́, mo sì gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu.

Eyín rẹ̀ ya ọwọ́ mi. Ó fi orí kàn mí nímú, imú náà fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bo àyà sùtánà mi. A jọ ṣubú, a ń yí nínú omi yìnyín, hóró náà ń jó wa lọ́rùn, ó fi orúnkún tẹ̀ mí níkùn, mo bù ú jẹ létí. Mo dìde ṣáájú rẹ̀. Ṣọ́bìrì fara ti ògiri, mo gbé e. Mo fi gbá a léjìká. Mo tún fi gbá ọwọ́ tó gbé sókè, ìka méjì kán níbẹ̀. Kí n má purọ́, orí rẹ̀ ni mò ń fojú sùn, ọwọ́ rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Mo ti gbé ṣọ́bìrì náà sókè lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìyá wa ló jáde sí wa. Wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n dìde lórí ìkúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ráyè dá wọn dúró. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tó ti bó yẹn gba orí hóró náà kọjá lẹ́ẹ̀kejì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí géètì tí a wà. Wọn ò sáré. Wọ́n wọ àárín wa, wọ́n di igi ṣọ́bìrì mú. Mo wo ẹ̀yìn wọn, mo rí ipa ẹsẹ̀ wọn tó pupa lórí yìnyín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí àbúrò mi ń sọ.

Nílé ìwòsàn, omi ni wọ́n ń dà sí ẹsẹ̀ náà ṣáá. Dókítà béèrè bí hóró ṣe wọlé jìn tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi, tí wọ́n ti di ìka rẹ̀ pọ̀, ní wọ́n pẹ́ lórí àdúrà ni. Kò mẹ́nu kan ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì. Dókítà wo imú mi, ó wo ètè rẹ̀, kò sì béèrè mọ́. Ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ti ọ̀tún ni a ń fọkàn sí, gbogbo ìgbà tí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ ni mo máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo máa ń gbóòórùn báńdéèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn yẹn yí padà. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Dókítà ṣàlàyé pé hóró tí wọ́n fi ìrìn tẹ̀ wọnú ẹran ló fà á. Mo wolẹ̀. Àbúrò mi náà wolẹ̀. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra òun náà, torí pé ó mọ̀ pé ìjà wa ló mú wọn rin ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì yẹn.

Iyanrìn ni mo ń dà sí àgbàlá ìjọ báyìí, mo sì máa ń bọ́ bàtà fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín ká kí ẹnikẹ́ni tó dé. Àmọ́ ìwà kì í tètè fi oníwà sílẹ̀. Nígbà tí òtútù ọdún kejì dé, káńsù ti ṣe ọ̀nà kọnkéré tó dagẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ìyá wa, kí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń jókòó sí lè máa gbà á. Láàárọ̀ tí yìnyín kọ́kọ́ bò ó, èmi àti àbúrò mi pàdé níbẹ̀. Òun gbé iyọ̀ òkúta wá, èmi gbé iyanrìn. Mo ní kó má da iyọ̀ kankan sí ọ̀nà ìyá mi. Ó ní ta ni mí tí mo fi ń bá òun sọ̀rọ̀ iyọ̀. Mo tì í. Ó tì mí padà, ó di ọrùn aṣọ mi mú, mo sì ti di ẹ̀ṣẹ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá wa ti wà níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ wọn, aṣọ òtútù lórí itan wọn. Wọn ò bínú, ohùn wọn kò sì ròkè.

"Ẹsẹ̀ kan ló kù fún mi," wọ́n ní. "Ẹ sọ fún mi bóyá kí n máa fi bọ̀ láàárín yín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tú okùn bàtà ẹsẹ̀ náà. A dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí yìnyín, èmi àti àbúrò mi, mi ò sì mọ èwo nínú wa ló kọ́kọ́ sunkún.